Òkè Ẹfọ̀n Lórí Kẹ̀kẹ́

Ẹni tí a bí sí ilẹ̀ títẹ́jú kì í tètè mọ ohun tí ọ̀nà ń gbà lọ́wọ́ ènìyàn. Ní Máfolúkù, níbi tí mo gbé ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́, bí àlejò bá ní kí a fi òkè han òun, afárá Ọ̀ṣòdì ni a ó mú un lọ wò, ọwọ́ ènìyàn ni ó sì mọ ìyẹn. Pápá ọkọ̀ òfurufú tí ó wà lẹ́bàá wa kò ga ju nǹkan bí mítà 41 lọ sí òkun. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni mo ń gùn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ láàárọ̀, kí mọ́tò tó dí ọ̀nà, n kò sì rántí ọjọ́ kan tí òkè sọ mí kalẹ̀. Kòtò ni í sọ mí kalẹ̀, tàbí àgbàrá.

Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹfọ̀n-Aláayè ni ìyá mi. Láti kékeré wa ni ó ti máa ń sọ fún wa pé, nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ìyá wọn a ru iṣu, wọn a sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè lọ sí ọjà, wọn a sì tún gun òkè náà padà ní ọjọ́ kan náà pẹ̀lú iyọ̀ àti epo lórí. Bí ẹni ń gbọ́ àlọ́ ni àwa ọmọ ṣe máa ń gbọ́ ọ. Ní ọdún tí ó kọjá, orúnkún rẹ̀ kọ̀, kò lè rin ìrìn àjò mọ́. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó wí fún mi pé, "Bí mo bá kú, inú mọ́tò ni ẹ ó gbé mi sí gun òkè yẹn, ẹ kò sì ní mọ̀ pé ẹ gun nǹkan kan." N kò rí èsì fún un. Nígbà tí a gba ìsinmi, mo gbé kẹ̀kẹ́ mi lé orí bọ́ọ̀sì ní Ọ̀ṣòdì, mo gba Ìbàdàn àti Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà.

Iléṣà tìkára rẹ̀ ti ga ju mítà 300 lọ sí òkun, ṣùgbọ́n ẹni tí mọ́tò gbé dé ibẹ̀ kò lè mọ̀. Mo sùn níbẹ̀. Kí oòrùn ọjọ́ kejì tó yọ mo ti wà lójú ọ̀nà. Lẹ́yìn ìlú, ọ̀nà ya méjì, ọ̀kan kọrí sí Àkúrẹ́, èkejì sí Èkìtì. Ojú ọ̀nà Àkúrẹ́ yẹn ni Joseph Ayọ̀ Babalọlá wà ní ọdún 1928, tí ó ń wa ẹ̀rọ tí a fi ń tẹ ọ̀nà, nígbà tí ó gbọ́ ìpè tí ó mú un fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀; ní Ẹfọ̀n tí mo ń lọ ni a sì sin ín sí ní 1959. Bí mo ti ń yí pẹ́dàlì, mo ń rò ó pé ẹni tí ó fi irin wúwo tẹ ọ̀nà ní láti mọ̀ ọ́n ju àwa tí ń sáré kọjá lórí rẹ̀ lọ. Ní ìhà ibẹ̀ náà ni omi Olúmirin ti ń já wálẹ̀ ní ìpele méje ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. N kò yà wò ó. Mo ń fi agbára mi pamọ́.

Ó sì ṣe, ìkùukùu òwúrọ̀ ká kúrò, mo rí òkè náà níwájú mi bí ògiri, láti ọwọ́ ọ̀tún dé ọwọ́ òsì. Àwọn tí wọ́n mọ̀ nípa òkúta ní kọ́tìsáìtì ni í ṣe, èyíinì ni iyanrìn àtijọ́ tí ooru àti ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ilẹ̀ sọ di líle. Òjò ń jẹ ilẹ̀ rírọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ju bí ó ti ń jẹ òun lọ. Nítorí náà, bí ilẹ̀ yòókù ti ń rẹlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òkè yìí ń yọrí. Àárín àfonífojì tí igbó bò ni ọ̀nà gbà wọ inú rẹ̀. Àpáta wà lókè orí mi, ọ̀gbun wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ìró omi tí n kò rí sì ń bá mi lọ.

Ibẹ̀ ni orúkọ Kírìjì ti yé mi. Ogun tí Ìbàdàn bá Èkìtì-Parapọ̀ jà láti 1877 títí di 1893, ìró ìbọn tí àwọn òkè ń gbà lẹ́nu ara wọn ni a fi sọ ọ́ lórúkọ. Wọ́n ti fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní 1886, síbẹ̀ ọdún méje kọjá kí àwọn ológun tó tú àgọ́ ká. Òkè-Ìmẹ̀sí, ìlú Fábùnmi, kò jìnnà sí ọ̀nà tí mo wà. Ọkọ̀ akẹ́rù kan fọn fèrè ní ìsàlẹ̀, òkè mẹ́ta dá a lóhùn, ara mi sì bù máṣọ.

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù yìí ni ìpọ́njú ọ̀nà náà. Àwọn tí ó la ọ̀nà kò fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀, inú koríko ni kí o wọ̀. Kẹ̀kẹ́ mi kò sì ní gíà. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀kẹta tí mo sọ̀kalẹ̀, tí mo ń ti í, obìnrin kan tí ó ru iṣu kọjá lára mi. Ó kí mi pé, "Ẹ kú ọ̀nà o. Ṣé ó bàjẹ́ ni?"

Mo ní, "Kò bàjẹ́, mà."

Ó wo kẹ̀kẹ́, ó wo èmi, ó ń lọ ní tirẹ̀. Nígbà tí mo yọ sí kọ́nà tí ó tẹ̀ lé e, mo bá a tí ó sọ ẹrù kalẹ̀ lórí òkúta pẹlẹbẹ kan, ó sì bu omi fún mi mu. Láti ibẹ̀ a ń rí gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nísàlẹ̀, bí ẹní tí a tẹ́.

Ó ku díẹ̀ kí oòrùn kan àtàrí nígbà tí mo wọ Ẹfọ̀n. Òkè ni ó yí ìlú náà ká, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì tutù. Mo pe ìyá mi lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀, mo ní mo ti dé. Kò béèrè àwọn ará ilé. Ó ní, "Níbo ni o ti sinmi?"

Mo ní, "Òkúta pẹlẹbẹ kan ni, mà, ní kọ́nà tí a ti ń rí ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà."

Ó dákẹ́ pẹ́ títí tí mo fi rò pé ẹ̀rọ ti já. Lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀ pẹ̀lú mi, mo sì sọ ti obìnrin oníṣu náà fún un.