Èdè Ìyá Mi ní Igbó-Elérin

Inú òjò oṣù keje ni mo dé Igbó-Elérin. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ àlùfáà ti gba ìsinmi gígùn, wọ́n sì ní kí n lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọ́ṣẹ́ ní ìjọ Presbyterian kan lọ́nà Òkòkòmáíkò. Ìwàásù mẹ́fà tí mo ti kọ sílẹ̀ wà nínú àpò mi.

Ilẹ̀ Àwórì ni Ọ̀jọ́ tí Igbó-Elérin wà, ṣùgbọ́n Ègùn, Ìgbò, Ẹ́fíìkì àti Yorùbá ló jọ ń gbé àdúgbò náà. Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sìn nínú ìjọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé wọ́n ti òun sẹ́yìn. Mo gbà pé ó tọ́, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní.

Ìjọ wa kò ní bíṣọ́ọ̀bù. Àlùfáà àtàwọn alàgbà ló jọ ń ṣàkóso, alàgbà kan ló sì ń mú mi káàkiri ilé àwọn aláìsàn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan, ọmọ Kàlàbá, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó lè wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Òórùn ìpara Aboniki gba yàrá kan. Abọ́ irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí òjò ń kán sí. Bíbélì rẹ̀ wà nínú ọ̀rá méjì, ó so ó pinpin bí ẹni so owó.

Mo ka Sáàmù, mo gbàdúrà ní Gẹ̀ẹ́sì. Àdúrà náà gún régé. Màmá kò ṣe Àmín. Ó fi pijin bi alàgbà pé ọmọ ibo ni mí, kí ló sì dé tí n kò fi èdè ìyá mi bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀.

Mo ní, “Màmá, mo rò pé ẹ ò gbọ́ Yorùbá ni.”

Ó ní, “N kò gbọ́ Yorùbá. Ìwọ ni mo fẹ́ gbọ́.”

Mo la ẹnu, n kò rí ọ̀rọ̀ mú. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ gbogbo ohun tí mo kọ́ nípa Ọlọ́run nílé ẹ̀kọ́. Nígbà tó yá, ohun tó wá sí mi lẹ́nu ni bí ìyá mi ṣe máa ń ki Ọlọ́run ní ìdájí, kó tó dárúkọ wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo dárúkọ màmá, mo dárúkọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún àti òrùlé tó ń jò. Kò sí ètò kankan nínú ọ̀rọ̀ mi. Kí n tó parí, ó ti ṣe Àmín lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ó wá tú ọ̀rá náà. Bíbélì Ẹ́fíìkì ni. Lọ́dún 1846 ni míṣọ́nnárì Presbyterian nì, Hope Waddell, àtàwọn tó bá a wá láti Jàmáíkà dé Kàlàbá. Nígbà tó di 1862, Hugh Goldie, míṣọ́nnárì bíi tirẹ̀, ti túmọ̀ Májẹ̀mú Tuntun sí Ẹ́fíìkì, odindi Bíbélì sì jáde ní 1868, ọdún mẹ́rìndínlógún kí ti Yorùbá tó pé ní 1884. Mo ti kọ àwọn ọdún wọ̀nyí sínú ìdánwò rí. N kò bi ara mi rí pé kí ló mú àwọn àlejò wọ̀nyẹn fi ọdún gbọọrọ jókòó ti èdè ẹlòmíràn.

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ́ lọ, mo padà lọ kí i pé ó dàbọ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó gbàdúrà ní Ẹ́fíìkì, ó pẹ́ lórí ẹ̀. N kò gbọ́ ohunkóhun níbẹ̀ àfi orúkọ mi, ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.