Àyè Ìnajú ní Accra

Na ojú ló di "najú". Ẹni tó ń gbé láàárín ògiri àti sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ ní Accra mọ bí ojú ṣe ń wá àyè. Igbó Achimota, tó di igbó ọba ní 1930, ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ní èdè Ga, orúkọ rẹ̀ ń kìlọ̀ pé kí a má dárúkọ ẹnikẹ́ni, nítorí àwọn ẹrú tó sá pamọ́ síbẹ̀. Ariwo ìlú ni ti òde òní ń sá fún. Ní 2022 ìjọba yọ éékà 361 kúrò, wọ́n ní etí igbó ni. Níbo ni igbó tún ti ń tán bí kò ṣe létí? Ọgbà Aburi ti 1890 ṣì wà lórí òkè, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ ló ń gbé ni débẹ̀.