Ọ̀nà Ẹlẹ́sẹ̀ ní Ìkógòsì, àti Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta tí a Yá lọ́wọ́ Faransé

Ẹni tí ó bá ti Adó-Èkìtì wá, tí ó gba Arámọkọ àti Ẹrínjìyàn kọjá, yóò bá Ìkógòsì láàárín òkè àti igbó. Òkìkí omi méjì tí ó wà níbẹ̀ ti kàn jìnnà. Ọ̀kan gbóná, èkejì tutù. Èyí tí ó gbóná tó ìwọ̀n 70 ní orísun rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò bá fi pàdé èkejì, ó ti rọ̀ dé nǹkan bí 37.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ọ̀rọ̀ omi kọ́ ni a gbé wá lónìí o, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń dé ibi ìpàdé omi náà, olówó àti tálákà. Kò sí ọkọ̀ tí yóò fọn fèrè lé ènìyàn lẹ́yìn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti padà sí títì àwọn ìlú wa, ìjà dé: ọkọ̀ ń bọ̀, ọ̀kadà ń bọ̀, igbá tòmátì wà lẹ́bàá ọ̀nà, ọmọ iléèwé kò sì mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí.

Kí ni a ń pe ibi tí ó yẹ kí ọmọ náà gbà? Àwa a máa sọ pé ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí kí a yá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí a ní péfúmẹ́ǹtì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá yá a lọ́wọ́ Faransé ni, Faransé sì jogún rẹ̀ láti inú èdè Látìnì, níbi tí ó ti túmọ̀ sí ilẹ̀ tí a lù kí ó le. Ṣé ilẹ̀ lílù ṣe àjèjì sí wa? Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, àwọn baba wa to àpáàdì ní ìdúró sínú ilẹ̀, wọ́n fi tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Ìtàn sọ pé Lúwo, obìnrin tí ó jẹ Ọọ̀ni, ni ó pàṣẹ rẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ ba ẹsẹ̀ òun jẹ́.

Àwọn ará wa ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, tí Faransé jẹ gàba lé lórí, ń gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn: trottoir. Inú trotter ni ó ti jáde, èyí tí í ṣe ìrìn ẹṣin nígbà tí ó bá yára ju ìrìn lásán lọ ṣùgbọ́n tí kò tíì sáré. Ìparí ọ̀rọ̀ náà ń fi ibi tí a ti ń ṣe nǹkan hàn, bí a ti ń sọ ibùsùn àti ibùjókòó. Bí a bá sọ pé ‘ibùrìn’, a ti súnmọ́ ọn. Ní Paris, afárá Pont-Neuf, tí a ṣí ní 1607, ní ẹ̀gbẹ́ gíga fún ẹlẹ́sẹ̀. Ní nǹkan bí 1781 ni irú rẹ̀ dé títì Odéon. Ṣáájú ìgbà náà, ẹrẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin àwọn ọlọ́lá máa ń ta sí aṣọ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn.

Ẹ̀kẹta wà ní New Orleans ní Amẹ́ríkà, ìlú tí àwọn Faransé tẹ̀ dó ní 1718. Ilẹ̀ ibẹ̀ kún fún omi, nítorí náà wọ́n to pákó sí iwájú ilé kí ènìyàn lè rìn. Wọ́n pè é ní banquette, èyí ni àga kékeré. Amẹ́ríkà ra ilẹ̀ náà ní 1803, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò bá Faransé lọ. Ó wọ inú Gẹ̀ẹ́sì ìlú náà. Ta ni kò rí i pé pèpéle wa nìyẹn, èyí tí àwọn àgbà fi amọ̀ mọ sí iwájú ilé?

Ọ̀kan ní kí a lù ú, ọ̀kan ní kí a rìn ín, ọ̀kan ní kí a gbé e ga. Kò sí èyí tí ó ní kí a pàtẹ sí i.

Síbẹ̀, ebi kò gbọ́ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2017 ìjọba Benin wó àwọn ìsọ̀ tí ó wà lẹ́bàá títì ní Kútọnu. Ọ̀nà là, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìyálọ́jà pàdánù ibi tí ó ti ń jẹun. Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ́ ọjà tí ènìyàn lè dé kí ó tó lé ẹnikẹ́ni. Kí ẹ̀yin oníṣòwò wa náà má jẹ́ kí àtẹ kọjá pèpéle, nítorí ọmọ tí ọkọ̀ kọlù lè jẹ́ ọmọ ẹni tí ó pàtẹ. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n máa kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀ bí wọ́n bá ń rìn níbi tí kò sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà náà jẹ́ ti ẹlẹ́sẹ̀.