Okùn Aago Bàbá Wa

Nígbà tí bàbá wa fi ayé sílẹ̀ ní Kétu, aago ọwọ́ wọn ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn ni àkọ́bí. Mo ní èmi ni mo tọ́jú bàbá nínú àìsàn. Odidi oṣù mẹ́fà ni a kò fi kí ara wa.

Ní ọjọ́ kan, ìyá wa fi aago náà lé mi lọ́wọ́. Okùn rẹ̀ ti já. "Lọ ṣe okùn tuntun sí i. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ máa lò ó."

Mo gbé e tọ bàbá oníṣẹ́ awọ kan lọ ní Àjàṣẹ́. Mo ti pinnu ohun tí mo fẹ́: awọ dúdú tó ń dán, owó ẹyọ méjì, àti orúkọ mi lára rẹ̀. Bàbá náà wọn àlàfo tí okùn yóò wọ̀: mìlímítà 18. Wọ́n ní owó ẹyọ yóò máa há sí etí aṣọ. Wọ́n wá fi awọ ewúrẹ́ kan hàn mí, èyí tí a fi poroporo ọkà bàbà rẹ di pupa. Ó rọ̀, ó sì lágbára.

Mo bèèrè bóyá ẹ̀rọ ni wọn yóò fi rán an. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òwú kan àti abẹ́rẹ́ méjì ni àwọn ń lò. Abẹ́rẹ́ méjèèjì a máa gba inú ihò kan náà kọjá, ọ̀kan láti ọ̀tún, ọ̀kan láti òsì. Bí ojú rírán kan bá já, ìyókù kò ní tú.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bèèrè pé: "Ọwọ́ ta ni a ń ṣe é fún?"

Wọ́n wọn ọrùn ọwọ́ mi: sẹ̀ǹtímítà 16. N kò mọ ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo dúró pẹ́ kí n tó pè wọ́n lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá okùn, wọ́n wọn ọwọ́ wọn.

"20 ni. Àwọ̀ wo lo yàn?"

"Pupa ni, ẹ̀gbọ́n mi, àfi bí ẹ bá fẹ́ òmíràn."

"Pupa dára. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀."

Ihò mẹ́jọ ni bàbá oníṣẹ́ awọ lu sí i, kí ó lè gba ọwọ́ àwa méjèèjì. Mo ní kí wọ́n má kọ orúkọ kankan sí i mọ́.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ní oṣù yìí, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ní Kútọnu ni aago náà wà. Bí ó bá di oṣù tí ń bọ̀, èmi ni ó kàn.