Síìlì Kọ́ Ló Jẹ̀bi: Lẹ́tà sí Ọmọ Mi Tó Ń Gun Máṣìn ní Fìdítì

Awẹ́,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Má tíì san owó síìlì kẹta. Ohun tó mú mi tètè kọ ìwé yìí nìyẹn, kí n tó kí ọ pàápàá. Ara wa le. Màmá rẹ ń kí ọ, ó ní kí o máa jẹun kí o tó jáde láàárọ̀.

O ní wọ́n ti pààrọ̀ síìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú lápá ọ̀tún lẹ́ẹ̀mejì látìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọ́ìlì ṣì ń ṣàn wálẹ̀ lára irin. Síìlì tuntun méjì kì í déédéé bàjẹ́ tẹ̀ léra wọn. Nǹkan kan ló ń jẹ wọ́n, kò sì sí ẹni tó tíì wá nǹkan náà. Inú ń bí mi sí i, torí owó tí o fi oòrùn àti òjò wá ni.

Jẹ́ kí n sọ bí ẹsẹ̀ iwájú yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà fi èdè iṣẹ́ tàn ọ́. Irin méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan: èyí tó ń dán tó ti òkè wá, àti ilé rẹ̀ nísàlẹ̀, níbi tí irin dídán náà ti ń wọlé tó ń jáde. Sípíríǹgì inú rẹ̀ ló ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì inú rẹ̀ ń fi ipá gba ojú ihò tóóró kọjá, kí sípíríǹgì má baà máa fò sókè sódò lẹ́yìn tí o bá ti jáde nínú kòtò. Síìlì ni rọ́bà roboto ẹnu ilé yẹn, tí kò jẹ́ kí ọ́ìlì bá irin jáde. Ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì ló kọ́kọ́ gbé irú èyí tí ọ́ìlì ń tù lójú jáde fún títà, lára R12 wọn, lọ́dún 1935, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́ lára Bajaj tí ò ń gùn lónìí. Honda C70 tí àwa gùn nígbà tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kékeré méjì ló gbé táyà iwájú rẹ̀ dání. Tí a bá tẹ bíréèkì iwájú, ṣe ni iwájú rẹ̀ ń gbéra sókè. Tìrẹ ń tẹrí ba, bó ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn, àfi tó bá tẹrí ba títí tí irin fi kan irin.

Wàyí o, fi àkísà tó mọ́ nu irin dídán náà títí ọ́ìlì á fi tán lára rẹ̀. Fi èékánná wọ́ ọ láti òkè dé ẹnu síìlì, kí o sì ṣe bẹ́ẹ̀ yí i ká. Ibi tí èékánná bá ti kọ́, ìpẹtà ti jẹ irin níbẹ̀. Ojú rẹ̀ lè má ju orí abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí o bá bọ́ sí kòtò lọ́nà oko pẹ̀lú ẹrù ọ̀pẹ̀ òyìnbó, bí ayùn ló ṣe ń rẹ́ ètè síìlì. Rọ́bà kíká tó yẹ kó bo irin yẹn ni ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń yọ dànù kí irin lè máa dán lójú títì. Eruku ọyẹ́ á bà lé e, ẹrẹ̀ pupa á gbẹ mọ́ ọn, òjò á sì parí iṣẹ́. Ra òmíràn, kí o dá a padà síbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ojú ìpẹtà ló ń pa síìlì lára. Èyí tó bá wà lókè pátápátá, níbi tí síìlì kì í dé, kò léwu. Láti mọ ibi tó ń dé, so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ irin náà lókè síìlì, kí o gun máṣìn náà pẹ̀lú ẹrù. Ibi tí síìlì bá ti okùn náà dé ni òpin ìrìn rẹ̀. Bí ojú ìpẹtà bá bọ́ sábẹ́ okùn, a lè fi sáńpépà tó kúnná jù, tí a rẹ sómi, pa etí rẹ̀ rẹ́, á sì bá ọ rìn díẹ̀. Àtúnṣe gidi ni irin tuntun. Bí èékánná kò bá kọ́ níbì kankan, ó lè jẹ́ yanrìn ló há sábẹ́ ètè síìlì. Fi ọ̀rá líle pẹlẹbẹ tó mọ́ gbá a jáde yípo, kí o tó jẹ́ kí wọ́n tú ohunkóhun.

Tí wọ́n bá tú u, kí wọ́n yí irin náà lórí gíláàsì. Tó bá ń mì, ó ti tẹ̀ nìyẹn. Má jẹ́ kí wọ́n fi iná tọ́ ọ. Kí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì ẹsẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n fi nǹkan wọn ọ́n kí ó dọ́gba. Ọ́ìlì ṣọ́ọ̀kì ni mo wí. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n máa ń dà sí i ki jù, á mú kí ọwọ́ máa dùn ọ́.

Ní ti ìró “kọ́” tí o ní ò ń gbọ́ nígbà tí o bá tẹ bíréèkì, ọrùn máṣìn ni mo fura sí. Gbé e dúró kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Di ẹsẹ̀ méjèèjì mú nísàlẹ̀, kí o máa tì í kí o máa fà á, kí ẹnì kejì gbé ìka lé ọrùn. Tí ìka rẹ̀ bá mọ̀ pé nǹkan ń ṣí níbẹ̀, bọ́ọ̀lù ọrùn ló dẹ̀. Bí kò bá mọ nǹkan kan lára, búùṣì inú ṣọ́ọ̀kì ló ti jẹ. Yí ọwọ́ máṣìn sọ́tùn-ún sósì pẹ̀lú. Tó bá ń há ní àárín gbùngbùn, ilé bọ́ọ̀lù ti jin kòtò, dídè kò lè ràn án mọ́. Odindi rẹ̀ ni kí o pààrọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ọ́ìlì yẹn. Ó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ síbi bíréèkì iwájú, bó bá sì wọ inú rẹ̀, bíréèkì kò ní mú lọ́jọ́ tí ọmọ kékeré bá já wọ títì níwájú rẹ. Yẹ̀ ẹ́ wò lónìí. Ṣúù bíréèkì tí ọ́ìlì bá ti rin gbingbin, kí o pààrọ̀ rẹ̀, má fi epo bẹntiróòlù fọ̀ ọ́ kí o sọ pé ó ti tó.

Tí o bá fẹ́ kí n wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń tú u, gbé máṣìn náà wá sí Awẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Má gùn ún wá. Bá onímọ́tò ẹlẹ́rù kan sọ̀rọ̀ kó bá ọ gbé e láti Fìdítì. Èmi ni màá san owó rẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.