Ìdáhùn mẹ́ta tí kò jọra

Ọ̀rọ̀ ìṣirò ni mo gbé wá lónìí, ẹ má tíì sá.

Mo máa ń jókòó ti àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe BAC ní Kpankou níbí lálẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà lára wọn. Ìbátan rẹ̀ kan ń kàwé ní Ìmẹ̀kọ, wọ́n sì jọ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ síra wọn lórí WhatsApp. Wọ́n wá primitive sin x cos x, èyí tí wọ́n ń pè ní integral ní Nàìjíríà. Tiwa rí ½ sin² x. Ti Ìmẹ̀kọ rí −½ cos² x. Ìwé kan tí wọ́n yẹ̀ wò tún ní −¼ cos 2x! Ni tiwa bá fẹ́ pa tirẹ̀ rẹ́, ó ní àwọn ará Nàìjíríà ló mọ ìṣirò. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára.

Kò sí èyí tó ṣì nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí a bá ro sin² x àti cos² x pọ̀, 1 ni, ohun yòówù kí x jẹ́. Ìdí nìyí tí ½ sin² x fi máa ń fi ½ gẹ́lẹ́ ju −½ cos² x lọ, tó sì máa ń fi ¼ ju ìkẹta lọ. Àlàfo yẹn kì í lé, kì í dín. Primitive kò sì béèrè ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yí padà ló ń béèrè.

Ẹ wo aago Lomé àti ti Kútọnu. Bí aago mẹ́wàá bá lù ní Kútọnu, mẹ́sàn-án ni ní Lomé, láàárọ̀, lóru. Ta ló ń parọ́? Ẹ gbé ẹ̀wà kaná: bó bá jinná ní wákàtí méjì lójú aago Lomé, wákàtí méjì náà ni lójú ti Kútọnu. C tí àwọn ọmọ ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìdáhùn láìbìkítà, wákàtí kan tó wà láàárín yẹn ni.

Ẹ gbé x láti 0 dé π/2. Ìdáhùn kìíní lọ láti 0 sí ½, èkejì láti −½ sí 0, ìkẹta láti −¼ sí ¼. Gbogbo wọn gun ½.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìdáhùn tó yàtọ̀ ló tọ̀nà o. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì. Ẹ fi 0 sípò x, ẹ fi π/4, ẹ fi π/2. Bí àlàfo bá ń yí padà, ẹnì kan ti ṣì í. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fa ìlà pupa.