Àwa Ni Ògbufọ̀ Màmá

Ẹjọ́ ara wa ni a fẹ́ rò fún yín lónìí.

Àwa méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, ìlú Parakou ni wọ́n ti tọ́ wa. Aṣọ ni Màmá wa ń tà ní ọjà Arzèkè. Ó gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Dẹ́ńdì tí wọ́n fi ń nájà, ó sì gbọ́ Bàrùbá díẹ̀. Faransé ni kò gbọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni Faransé nìkan ni wọ́n ń sọ ní ilé-ìwé aládàáni tó fi wá sí. Bí ìpàdé òbí bá ti dé, Màmá á ti ìsọ̀, á wé gèlè, á mú wa dání. Àwa ni ògbufọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 2015, olùkọ́ ìṣirò sọ fún un pé a ń sá ní kíláàsì, àti pé bí a kò bá jáwọ́, a ó fìdí rẹmi. A wo ojú ara wa. A ní, "Màmá, wọ́n ní a ń gbìyànjú." Ni Màmá bá kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹnu ya olùkọ́. Ohun tó kọ sínú ìwé èsì wa ni pé òbí wa kò bìkítà. A kà á, a sì dákẹ́.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ti wa kò tilẹ̀ tó ọdún kan. Nígbà tí a fìdí rẹmi, Màmá gbé ìwé náà fún ọmọ aládùúgbò ìsọ̀ rẹ̀ pé kó kà á fún òun. Kò nà wá. Ó kàn ní, "Owó ni mo ń san níbẹ̀, mi ò mọ̀ pé ẹ ti ta ẹnu mi."

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó mú ọmọ aládùúgbò náà lọ. Ó dìde, ó sọ Yorùbá ketekete: kí wọ́n máa sọ ọ̀rọ̀ ìpàdé ní Yorùbá àti Dẹ́ńdì pẹ̀lú. Àwọn ìyá tí kì í sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ilé-ìwé gbà. Ìpàdé wá ń pẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí ń béèrè ọ̀rọ̀ omi mímu, ọ̀rọ̀ ẹgba àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àṣetiléwá.

Nísinsìnyí tí a ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìmọ̀ èdè, a padà wo ọ̀rọ̀ náà. Òfin orílẹ̀-èdè Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 fi Faransé ṣe èdè ìjọba ní abala kìíní. Abala 11 fún àwùjọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti lo èdè rẹ̀. Abala 14 sì fàyè gba ilé-ìwé aládàáni, lábẹ́ àṣẹ àti àbójútó ìjọba. Inú òfin kan náà ni gbogbo wọn wà, àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ìpàdé òbí, ti abala kìíní nìkan ni wọ́n ń rántí. Òbí tí kò gbọ́ èdè ìpàdé ti di àpò owó lásán. Bí ọmọ bá ń parọ́, kò lè mọ̀. Bí olùkọ́ bá ṣì í gbọ́, kò lè dáhùn.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ béèrè ọjọ́ ìpàdé ní ilé-ìwé àwọn àbúrò yín. Ẹ lọ ṣe ògbufọ̀ fún àwọn ìyá tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ bá sọ gan-an ni kí ẹ sọ o. Màmá ti dárí jì wá, síbẹ̀, títí dòní, bí a bá túmọ̀ ọ̀rọ̀ fún un, á ní, "Ṣé ohun tó sọ nìyẹn?"